Bóòtù, Nọ́ọ̀tì àti Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́: Ìtàn Bí Àwọn Orílẹ̀-èdè Ṣe Fẹnu Kò Lórí Ìwọ̀n Kan

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ bóòtù àti nọ́ọ̀tì mu pátápátá. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń sáré bọ̀ lójú títì, ohun tí ojú ń rí ni ara ọkọ̀ náà, ẹrù tí ó kó, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń yí bíríbírí. Ìwọ̀nba ènìyàn ni í ronú kan irin kéékèèké márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó so ẹsẹ̀ náà mọ́ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé bí àwọn irin kéékèèké wọ̀nyí bá tú, iṣẹ́ ọkọ̀ náà ti parí, ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì wà nínú ewu.

Gbòǹgbò ìṣòro tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí kì í ṣe àìsí irin. Irin pọ̀ lọ súà. Ìṣòro náà ni pé irin jọ irin. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo nọ́ọ̀tì ni ó ní igun mẹ́fà àti ihò láàárín, ojú lásán kò sì lè sọ èyí tí yóò dì àti èyí tí yóò tú. Nọ́ọ̀tì tí kò bá wọlé rárá kò lè pa ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe yóò jù ú sẹ́yìn ni, yóò sì wá òmíràn. Èyí tí ó bá wọlé díẹ̀, tí ó sì ṣe bí ẹni pé ó dì, òun ni ọ̀tá. Ìtàn bí àwọn oníṣẹ́ irin ṣe bá ìjọra ẹlẹ́tàn yìí jà láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn kì í ṣe ìtàn kékeré. Ó kan ogun, ó kan òwò, ó sì kan gbogbo ilé àtúnṣe ọkọ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá títí di òní.

Èèkàn àti Ìda

Kí bóòtù tó dé, èèkàn ni ó ń di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Àwọn tí ń kan kẹ̀kẹ́ ní ayé àtijọ́ a máa lu ihò sí ìpẹ̀kun ọ̀pá tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí lé, wọn a sì fi èèkàn igi, ti idẹ tàbí ti irin há inú ihò náà, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ má baà yọ jáde. Ní Kirkburn ní agbègbè Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí kẹ̀kẹ́ ogun tí a sin mọ́ òkú nínú ilẹ̀, ti èèkàn ti èèkàn. Irin ni èèkàn wọ̀nyí, a sì fi idẹ ṣe ọ̀ṣọ́ sí orí àti ìdí wọn. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí a ti rọ wọ́n. Bí alágbẹ̀dẹ bá lè ṣe irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ sí ara ohun tí kò gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ, a jẹ́ pé ó mọ̀ pé ohun náà níyì.

Àwọn ará Gíríìsì pẹ̀lú mọ iyì rẹ̀. Nínú ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, ọba kan wà ní ìlú Pisa tí ń jẹ́ Oinomaos. Ọba yìí kò fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀, Hippodameia, fún ọkọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ẹ ní láti bá ọba sá eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ẹni tí ọba bá sì lé bá, ikú ni. Nígbà tí Pelops dé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ Myrtilos tí í máa wa kẹ̀kẹ́ ọba. Myrtilos yọ èèkàn idẹ kúrò lára kẹ̀kẹ́ ọba, ó sì fi ìda rọ́pò rẹ̀. Ìda náà jọ èèkàn, ó sì dúró níbi tí èèkàn í dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré gbóná, ìda yọ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fò yọ, ọba sì kú. Ìtàn lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe lásán: ohun tí ó jọ ohun kì í ṣe ohun náà, ìgbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá sì ń yí ni a tó ń mọ ìyàtọ̀.

Kí Bóòtù Tó Ní Ìwọ̀n

Bóòtù yàtọ̀ sí èèkàn nítorí ìlà tí a gbẹ́ yí ara rẹ̀ ká, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tíréèdì. Ìlà yìí ni ó ń fa nọ́ọ̀tì wọlé, òun náà ni kì í jẹ́ kí ó padà. Ohun mẹ́rin ni ó sì gbọ́dọ̀ bára mu kí bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó lè fẹ́ ara wọn: bí bóòtù ti nípọn tó, bí eyín tíréèdì kan ti jìnnà sí èkejì tó, bí igun eyín náà ti là tó, àti ọ̀nà tí tíréèdì yí gbà, yálà ọ̀tún tàbí òsì. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yẹ̀, ìgbéyàwó náà kò lè tọ́jọ́.

Kí ó tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ tíréèdì. Nítorí náà bóòtù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Ẹni tí ó bá tú ẹ̀rọ palẹ̀ ní láti sàmì sí wọn ní méjì méjì, bí ìyá ìbejì ti í sàmì sí aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé bí nọ́ọ̀tì kan bá sọnù, kò sí òmíràn ní gbogbo ayé tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Henry Maudslay, oníṣẹ́ irin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó la ọ̀nà nígbà tí ó ṣe ẹ̀rọ ìgbẹ́ tíréèdì kan tí ó péye ní nǹkan bí ọdún 1800. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti gbẹ́ ọgọ́rùn-ún bóòtù kí gbogbo wọn sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ Maudslay ti ń gbẹ́ tirẹ̀ ní ọ̀nà kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbẹ́ tiwọn ní ọ̀nà mìíràn. Ìdàrúdàpọ̀ kúrò láàárín bóòtù àti bóòtù, ó wá bọ́ sí àárín ilé-iṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́.

Whitworth àti Sellers

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Maudslay ni Joseph Whitworth, ẹni tí a bí ní Stockport ní ọdún 1803, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Manchester ní ọdún 1833. Whitworth kò jókòó sínú yàrá kí ó máa ro ìwọ̀n tí ó wù ú. Ó kó bóòtù jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ̀n wọ́n, ó sì wá agbede-méjì wọn. Ní ọdún 1841 ni ó gbé àbá rẹ̀ ka iwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Igun eyín tíréèdì yóò jẹ́ dígírì 55, orí àti ìsàlẹ̀ eyín yóò sì rí roboto. Bóòtù tí ó nípọn tó ìdá mẹ́rin íǹṣì yóò ní eyín 20 nínú íǹṣì kan, onídàajì íǹṣì yóò ní 12, oní-íǹṣì kan yóò sì ní 8.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀nà yìí jọ ọgbọ́n àwọn àgbà tí ń parí ìjà. Nítorí pé agbede-méjì ni ó mú, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè sọ pé ti ọ̀tá òun ni wọ́n fi borí ti òun. Gbogbo wọn ni ó fi díẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì rí díẹ̀ gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tẹ́wọ́ gba ìwọ̀n náà, kò sì pẹ́ tí ó fi gba gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1864, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, William Sellers gbé àbá mìíràn dìde. Ó ní dígírì 55 ṣòro láti wọ̀n, orí roboto sì ṣòro láti gbẹ́. Dígírì 60 ni òun fẹ́, nítorí pé igun ilà mẹ́ta tí ó dọ́gba ni, oníṣẹ́ tí kò ní irin-iṣẹ́ olówó gọbọi sì lè gbẹ́ ẹ. Orí eyín rẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, Amẹ́ríkà sì gbà á. Ohun tí ó wá jẹ́ ìyọnu ni pé ọ̀pọ̀ ìwọ̀n méjèèjì jọ ara wọn gan-an. Oní-ìdá mẹ́rin íǹṣì ní eyín 20 lọ́dọ̀ Whitworth, ó ní 20 lọ́dọ̀ Sellers. Oní-íǹṣì kan ní 8 níhìn-ín, ó ní 8 lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n onídàajì íǹṣì tí ó ní 12 lọ́dọ̀ Whitworth, 13 ni ó ní lọ́dọ̀ Sellers. Ẹni tí ó bá fi ti ìkínní ṣe àpẹẹrẹ, tí ó wá rò pé gbogbo rẹ̀ ni yóò rí bẹ́ẹ̀, ìdajì íǹṣì ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń fi mítà wọn nǹkan kò bá èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lọ. Ní ọdún 1898 wọ́n pé jọ sí Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, wọ́n sì fẹnu kò lórí tíréèdì onímìlímítà, dígírì 60. Báyìí ni ayé ṣe pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá, àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere ya ara wọn sọ́tọ̀ ní ọdún 1902, wọ́n fi dígírì 60 ṣe tiwọn, wọ́n sì mú eyín 26 nínú íǹṣì kan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi lára kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1908 ni òmíràn tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra ju ti Whitworth lọ tún jáde.

Ogun àti Àdéhùn Washington

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó fi hàn pé ìpínyà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 1940, ilé-iṣẹ́ Packard ní Detroit gba iṣẹ́ láti máa ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú Merlin, tí ilé-iṣẹ́ Rolls-Royce dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo tíréèdì inú ẹ̀rọ náà ni ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí irin-iṣẹ́ tí ó lè gbẹ́ wọn ní ọjà Amẹ́ríkà. Packard ní láti kọ́kọ́ ṣe irin-iṣẹ́ tí yóò fi ṣe bóòtù, kí ó tó lè ṣe bóòtù tí yóò fi ṣe ẹ̀rọ. Ní ojú ogun pẹ̀lú, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè jọ jẹun nínú àwo kan, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì ọkọ̀ ẹnìkínní kò lè ran ọkọ̀ ẹnìkejì lọ́wọ́.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1948, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Washington. Dígírì 60 ti Sellers ni wọ́n mú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ eyín lè rí roboto bí ti Whitworth, nítorí pé ìsàlẹ̀ roboto kì í tètè sán. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni a ti dá àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìwọ̀n, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ISO, sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Geneva. Nígbà tí ó di ọdún 1965, àwọn aláṣẹ ìwọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ní kí àwọn oníṣẹ́ máa fi tíréèdì Whitworth sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì kọjú sí ti onímìlímítà. Lẹ́yìn ọdún 124, ìwọ̀n tí ó kọ́kọ́ mú ìṣọ̀kan wá di ohun tí a ń pa tì nítorí ìṣọ̀kan tí ó tóbi jù ú lọ.

Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ayé àtijọ́, orí ni Yorùbá fi ń ru ẹrù. Ilẹ̀ yìí kò lo kẹ̀kẹ́ ẹrù, nítorí pé àìsàn tí eṣinṣin ń kó ran ẹran kì í jẹ́ kí ẹṣin àti màlúù tí ìbá máa fa kẹ̀kẹ́ pẹ́ láyé nínú igbó. Alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́, àdá, ọfà àti ìṣó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń béèrè tíréèdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní ọdún 1901 ni a ṣí i dé Ìbàdàn. Ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Ẹbúté Mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́ iṣẹ́ irin ti ìgbàlódé, ìwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀lé e, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Báyìí ni bóòtù, nọ́ọ̀tì àti sípánà ṣe di ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Onímìlímítà ni àwọn méjèèjì. Sípánà tí a ti ń fi íǹṣì pè di èyí tí a ń pè ní nọ́ńbà 10, nọ́ńbà 13, nọ́ńbà 17 àti nọ́ńbà 19. Ìyípadà yìí ju ti orúkọ lọ. Nọ́ńbà tí ó wà lára sípánà Whitworth ń sọ bí bóòtù ti nípọn tó. Èyí tí ó wà lára sípánà onímìlímítà ń sọ bí orí bóòtù ti fẹ̀ tó. Nítorí náà sípánà Whitworth tí a kọ ìdajì íǹṣì sí lára fẹ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ dáadáa, nọ́ńbà 13 sì ni ti bóòtù tí ó nípọn ní mìlímítà 8.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti Jámánì, láti Japan, láti Amẹ́ríkà. Ní ọjà Ládipọ̀ ní Mushin, ìtàn igba ọdún ni a kó sínú agbọ̀n kan ṣoṣo. Mẹkáníìkì tí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá sọnù mọ́ lọ́wọ́ ní láti mú ọ̀kan nínú òkìtì, ọlọ́kọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń kánjú.

Bí A Ṣe Ń Dá Èyí Tí Ó Tọ́ Mọ̀

Ewu ibẹ̀ hàn kedere bí a bá gbé àpẹẹrẹ mẹ́ta yẹ̀ wò. Ìkínní ni ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọ̀pá iwájú kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti àtijọ́ nípọn ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 7.94, ó sì ní eyín 26 nínú íǹṣì kan. Nọ́ọ̀tì onímìlímítà 8, tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ní mìlímítà kan, ní eyín 25.4 nínú íǹṣì kan. Bí a bá fi wọ́n síra, wọn yóò wọlé fún ìyípo díẹ̀, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti ń dì. Kò dì, ńṣe ni eyín ń jẹ eyín.

Ìkejì ni ti mọ́tò. Bóòtù ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota àti ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Nissan jọ nípọn ní mìlímítà 12, ṣùgbọ́n eyín Toyota jìnnà síra ní mìlímítà 1.5, ti Nissan jẹ́ 1.25. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ìdajì íǹṣì, eyín 20 nínú íǹṣì, èyí tí í ṣe mìlímítà 1.27 láàárín eyín kan sí èkejì. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1.25 dọ́gba. Nítorí náà nọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà yóò wọ bóòtù Nissan wẹ́rẹ́, láìsí ìnira kankan. Ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ fẹ̀ jù: orí eyín nìkan ni ó gbá mú. Ìda Myrtilos nìyẹn. Bí sípánà bá fún un tán, tàbí bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, eyín yóò fà ya.

Ìkẹta ni ti ọ̀nà yíyí. Pẹ́dà òsì kẹ̀kẹ́ ológeere, òsì ni a ń yí i sí kí ó tó dì, kí ìtẹ̀sẹ̀ ẹni tí ń gùn ún má baà máa tú u. Nítorí irú ìdí kan náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi ní tíréèdì òsì ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, èyí kò yí padà, nítorí pé òsì ọkọ̀ ni a ń wí, kì í ṣe òsì títì. Ọmọ-iṣẹ́ tí kò bá mọ̀ yóò máa fi gbogbo agbára fún ohun tí ó rò pé òun ń tú, títí bóòtù yóò fi kán. Bí ó bá nu orí bóòtù náà, yóò bá lẹ́tà L lórí ọ̀pọ̀ wọn.

Nítorí náà àwọn tí ó gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí kì í fi ojú lásán yan bóòtù. Wọn a wọn bí ó ti nípọn tó. Wọn a gbé e ti bóòtù mìíràn tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, eyín sí àárín eyín. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín wọn, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Wọn a wo ìdí nọ́ọ̀tì, nítorí pé òmíràn rí ṣóńṣó, òmíràn rí roboto, òmíràn sì tẹ́ pẹrẹsẹ, bí irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá sì ti rí ni ìdí nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ rí. Wọn a ka ohun tí a kọ sí orí bóòtù: 8.8 túmọ̀ sí pé ó gba agbára níútìn 800 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí ó tó já, àti pé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára yẹn ni yóò gbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìpadà, 10.9 lágbára jù ú lọ. Èyí tí kò ní àmì kankan kò yẹ fún ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Èèkàn àtijọ́ pàápàá kò tíì kú. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nọ́ọ̀tì tí ó di ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ní ọ̀nà gbàgà gbàgà lórí bí adé, a sì ń fi píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì gba inú ọ̀nà náà àti ihò ara ọ̀pá, kí a tó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀ àwọn kan a máa fi ìṣó rọ́pò rẹ̀. Ìṣó kì í ní ẹsẹ̀ méjì tí a lè tẹ̀ sẹ́yìn, bí ọkọ̀ bá sì ti ń gbọ̀n ni yóò máa yọ́ jáde.

Whitworth, Sellers àti àwọn tí ó tọwọ́ bọ̀wé ní Washington ti ṣe tiwọn: wọ́n mú kí ó ṣeé ṣe fún nọ́ọ̀tì tí a ṣe ní ìlú kan láti wọ bóòtù tí a ṣe ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n àdéhùn wọn kò lè fúnra rẹ̀ yan nọ́ọ̀tì láti inú òkìtì. Iṣẹ́ ẹni tí ó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ìyẹn. Ìlànà tí àwọn ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ kò sì gùn: kí ó fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó mú sípánà. Bí ó bá le láàárín ọ̀nà, kí ó tú u. Bí ó bá ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀, kí ó tú u. Èyí tí ó bá wọlé jẹ́jẹ́, tí kò mì, tí ó sì jókòó ṣinṣin sí ìdí rẹ̀, òun nìkan ni a lè fi ẹ̀mí ènìyàn lé lórí.